Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Mi Kì í Tètè Dá

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí olóòlà kọ ọmọkùnrin mi nílà, ẹ̀jẹ̀ ń kán títí di ọjọ́ kejì. Aṣọ mẹ́ta ló rin gbindin. Ní báyìí tó ti ń rákò, orúnkún rẹ̀ a máa wú. Àbúrò mi ọkùnrin kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì tún wà nínú oyún. — Ìyá Ayọ̀, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Ìyá Ayọ̀, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè àbúrò yín. Ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ gan-an ló la ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Àrùn àìdá ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hẹmofílíà, ara ìyá ló sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe arákùnrin ìyá, tó tún wá yọjú lára ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ayé.

Bí a bá fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ìgò kékeré, tí a sì gbé ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tó pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á lé téńté. Omi yẹn ni plasma, inú rẹ̀ sì ni àwọn pùrótéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì wà. Bí ara bá ya, wọ́n a máa jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn òṣìṣẹ́ tó tò tí wọ́n ń na búlọ́ọ̀kù síra wọn, títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi ta okùn wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn sójú egbò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn pùrótéènì wọ̀nyí: nínú hẹmofílíà A, ìkẹjọ ni kì í tó. Nínú B, ìkẹsàn-án ni.

Orí okùn àbùdá tí wọ́n ń pè ní X ni jíìnì àwọn méjèèjì wà, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tí ara fi ń ṣe wọ́n. Obìnrin ní X méjì, èyí tó pé a sì máa bo àléébù èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí obìnrin tó gbé àléébù yìí bá lóyún ọmọkùnrin, bó ṣe lè mú un náà ló ṣe lè máà mú un. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní i ni kò sí irú rẹ̀ rí nínú ẹbí wọn. Ní ọdún 1984 ni àwọn onímọ̀ yọ jíìnì pùrótéènì ìkẹjọ sọ́tọ̀. Nígbà tó di 1993, wọ́n rí i pé, lára nǹkan bí ìdajì àwọn tí hẹmofílíà A wọn le gan-an, apá kan jíìnì náà ló dorí kodò. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó túbọ̀ rọrùn láti yẹ ìyá àti àwọn arábìnrin rẹ̀ wò.

Ẹ gbé Ayọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó-Èkìtì tàbí Ìdó-Èkìtì, kí ẹ sì ro ìtàn àbúrò yín fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́. Bó bá jẹ́ òun ni, wọ́n lè fa pùrótéènì tí kò tó náà sí i lára láti ojú iṣan. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹ má sì sín in ní gbẹ́rẹ́ sí orúnkún tó wú yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, kí ó sọ fún àwọn agbẹ̀bí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, nítorí obìnrin tó gbé e náà lè sun ẹ̀jẹ̀ jù níbi ìbímọ. Bó bá bí ọkùnrin, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti ara ìwọ́ ọmọ fún àyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni má sì ránṣẹ́ pe olóòlà títí èsì yóò fi jáde.