Ọmọ kóyótì tá a fi fídà tọ́, ṣé ó lè dúró bí ajá?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Texas là ń gbé. Lóṣù kẹrin, Fọlá ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, gbé ọmọ ẹranko kan wálé láti etí gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa, ojú ẹ̀ ò tíì là, a ṣe bí ọmọ ajá ni. A fi fídà bọ́ ọ, ìgbà tí etí ẹ̀ wá ń gùn sókè ni aládùúgbò wa sọ pé kóyótì ni, ẹran igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jọ ajá. Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí. Tí Fọlá bá ti ilé ìwé dé, á na ara ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, á máa ké wín-ín wín-ín, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ń sùn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n gba egungun adìẹ kan lẹ́nu ẹ̀, ló bá yọ eyín sí mi, ó ku díẹ̀ kó gé mi lọ́wọ́ jẹ. Tá a bá gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tá a tún tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ṣé á fara balẹ̀ bí ajá? Màmá mi n'Íbàdàn ní kí n lé e jáde, pé ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ló máa jọ.
Ìyá Fọlá

Ìdáhùn: Ìyá Fọlá, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹranko tí ojú ẹ̀ ò tíì là tẹ́ ẹ wá fi mílíìkì gbé dé oṣù mẹ́fà, mo mọ iye òru tẹ́ ẹ ti jí. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín: kò ní dúró bí ajá, abẹ́rẹ́ ò lè sọ ọ́ di ajá, ọ̀dá náà ò lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má lé e jáde o, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ egungun yẹn, kì í ṣe pé ó ya ọmọkọ́mọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún làwọn ọmọ kóyótì ti máa ń bá ara wọn jà gidi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó lágbára jù láàárín ara wọn. Ohun tó ṣe sí yín lohun tí ì bá ṣe sí àbúrò ẹ̀. Ajá ti wà lọ́dọ̀ èèyàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn tó ń gbaná jẹ làwọn baba wa ń pa, àwọn tó rọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó bímọ. Lọ́dún 1959, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Dmitry Belyaev, ní Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ pẹ̀lú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwọn tí ẹ̀rù èèyàn ò bà jù ló ń mú jọ bímọ, ìran dé ìran, òun gan-an kú kí iṣẹ́ náà tó parí, àwọn tó kù ló ń bá a lọ. Mílíìkì tẹ́ ẹ fún tiyín jẹ́ kó mọ Fọlá lójú, àmọ́ pé ó mọ̀ ọ́n lójú ò sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn.

Ohun tó wá jẹ́ kó jẹ́ ìsinsìnyí ni pé nínú igbó, ìgbà báyìí lọ̀pọ̀ nínú wọn ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wọn, wọ́n ń wá ilẹ̀ tiwọn. Tó bá di January sí March, ìgbà tí wọ́n ń gùn dé. Ọ̀dá á dín ìyẹn kù lóòótọ́, àmọ́ kò ní mú ẹ̀rù kúrò lára ẹ̀, kò ní kó má ṣọ́ oúnjẹ, kò ní kó má tọ̀ sórí sófà, fẹ́ńsì tó ga ju èèyàn lọ ó lè gùn ún, èyí tí ò bá lè gùn á gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀.

Ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá bá mi rí, ó ní ẹ wò ó Dókítà, bó ṣe jẹ́jẹ́ tó. Ẹran náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, etí lẹ̀ mọ́ orí, kò mira. Mo gbọ́wọ́ lé igbá àyà ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ń lù débi pé ìka mi ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ló pa á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní mi ò lè gbàgbé.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà kò sí èyí tí ìjọba fọwọ́ sí fún kóyótì. Ẹ gún un ní ti ajá, òfin á ṣì kà á sí ẹni tí ò gba abẹ́rẹ́, tó bá wá gé èèyàn jẹ, pípa ni wọ́n máa pa á, torí inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ àrùn yẹn wò. Texas ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, lọ́dún 1988 dìgbòlugi bẹ́ sáàárín kóyótì àti ajá ní gúúsù ibẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń da oúnjẹ tí wọ́n ti fi oògùn tó ń dènà dìgbòlugi sí sínú igbó láti 1995, ọdún 2007 ni ìjọba tó kéde pé irú dìgbòlugi tí ajá ń kó ran ajá ti kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Chapter 822 nínú òfin ìlera wọn ka kóyótì mọ́ kìnnìún àti ẹkùn nínú ẹranko eléwu, òfin dìgbòlugi wọn náà dẹ̀ ní kéèyàn má tà á, kó má gbé e kiri.

Ìyẹn ni mo ṣe ní ẹ má lé e jáde, ẹ má dẹ̀ gbé e sínú mọ́tò. Kóyótì tí ò bẹ̀rù èèyàn á lọ bá ọmọ ọlọ́mọ, ìbọn ló máa pàdé. Texas Parks and Wildlife, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran igbó, ní orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti tọ́jú ẹran igbó ládùúgbò kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pè wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba kóyótì, gbogbo wọn kọ́ ló ń gbà á. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, pé látìgbà tójú ẹ̀ ò tíì là ni, pé ó ń bá ọmọ sùn. Ó lè má padà sígbó mọ́, ó lè máa gbé láàárín àwọn kóyótì mìíràn nínú ọgbà, wọ́n dẹ̀ lè ní àfi kí àwọn pa á. Kí Fọlá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu yín kí wọ́n tó dé o, ẹ jọ̀ọ́.

Kó tó dìgbà yẹn, kí Fọlá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má gba nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀ mọ́, kí ọmọ àlejò má sún mọ́ ọn. Ẹ tún wo ọwọ́ yín dáadáa níbi tí iná wà: tí eyín bá ti họ ibì kankan, bó ti wù kó kéré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sọ́sípítù lónìí, wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń gún sójú ọgbẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó wọnú kéèjì fúnra ẹ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó. Òkùnkùn máa ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.