Èsì: Ibo lẹ ti máa ń lọ wo báńdì lálẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ò tíì pé ogún ọdún?

Ẹ̀gbọ́n, tèmi o, Shrine Fẹlá ni, ti Pepple Street n'Íkẹjà, kì í ṣe tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000 yẹn. Ọmọ ọdún 17 ni mí ní 1988, alẹ́ Fúráìdè la máa ń lọ torí Yabis Night, Fẹlá á máa sọ̀rọ̀ sí ìjọba, àwa náà á máa dá a lóhùn, tí Egypt 80, báńdì rẹ̀, bá wá bẹ̀rẹ̀, orin kan ṣoṣo lè gbà tó ìdajì wákàtí, sakisafóònù á máa ké, ara mi á bù máṣọ. Owó bíà ò sí, mínírà kan làwa mẹ́ta ń pín mu. Ilẹ̀ á mọ́ ká tó rí dánfó wọ̀ lọ sílé. Màámi rò pé ìsọjí ni mo lọ, irọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.