Sí ìyá tí ó béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun sùn

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ láti ìlú Oǹdó. Ẹ ní ọmọkùnrin yín ti pé ọmọ ọdún 6, kò tíì fọhùn, dókítà ti sọ pé autism ni, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tí ó yàtọ̀, àti pé lọ́pọ̀ òru, àkùkọ ti máa ń kọ kí ó tó sùn. Ẹ ní àbúrò ọkọ yín obìnrin ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa jókòó ti ọmọ náà ní ọ̀sán Sátidé kí ẹ lè sùn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan nínú ìjọ ní abiyamọ tí ó mọ ohun tí ń ṣe ọmọ òun kì í sùn, pé orí ìkúnlẹ̀ ni ó ń wà. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ gbà fún un. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Èmi náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, obìnrin ni, Àkúrẹ́ níbí ni a sì ti tọ́ ọ títí ó fi di ọmọ ọdún 16, nítorí náà kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ọjọ́ orí ọmọ yín, ìdérí ìgò ni ó fẹ́ràn jù lọ. Yóò tò wọ́n sí ẹ̀bá ògiri, pupa lẹ́yìn pupa, funfun lẹ́yìn funfun, bí ọ̀kan bá sì yí wọ abẹ́ àga, igbe rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró títí a ó fi rí i, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Oorun ń gbé mi lọ lórí ìdúró níbi tí mo ti ń ro ọkà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní kí n jókòó, kí n má tíì lọ sílé. Ohun tí mo rí lára ara mi ni pé àárẹ̀ ìyá kì í dúró sára ìyá nìkan. Ohùn ẹni tí kò sùn a máa le, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa yá jù, bẹ́ẹ̀ ariwo àti ìfọwọ́kàn òjijì máa ń ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní autism lára ju bí ó ti ń ni àwa lára lọ. Ẹ̀rù á ba ọmọ, oorun rẹ̀ á tún dá, òru mìíràn á sì bọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Bí ẹ bá sùn ní ọ̀sán Sátidé, ọmọ yín gan-an ni ẹ ṣe é fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Wòlíì tí Ọlọ́run fi iná dá lóhùn ní orí tí ó ṣáájú ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kò bá a wí. Èlíjà sùn, áńgẹ́lì fọwọ́ tọ́ ọ, àkàrà wà lórí ẹyín iná, orù omi wà lẹ́bàá orí rẹ̀, ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀, áńgẹ́lì sì padà wá nígbà kejì, ó ní: “Dìde, jẹun, nítorí tí ọ̀nà náà jìn fún ọ.” Ọ̀nà tiwa náà jìn. Autism kì í ṣe ibà tí yóò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ á máa dàgbà, á sì máa kọ́ nǹkan. Ọmọbìnrin mi ti ń dá wẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí ó bá fẹ́ jẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ṣì nílò wa lójoojúmọ́. Nípa ti kí ẹ máa ṣọ́nà láti alẹ́ dé òwúrọ̀, Sáàmù 121 ti sọ ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀: “Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́, kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn.” Bí Òun bá ti wà lójúfò nínú ilé yín, ẹ lè di ojú yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyẹn wọ̀ yín lára nítorí pé ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi àìsùn san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò dá. A ń ro ohun tí a jẹ nígbà tí a lóyún, a ń ro ẹni tí a bá jà. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti di ẹ̀bi lé ìyá lórí. Lẹ́yìn tí dókítà Leo Kanner ti kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé àìnífẹ̀ẹ́ ìyá ni ó fà á, títí Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ náà ní autism, fi ta ko ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1964. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé bí ọpọlọ ọmọ ti ń dàgbà ni ó yàtọ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí i. Ohun tí ó wà nínú ìran máa ń kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Jésù ti dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí nínú Jòhánù orí 9, nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa afọ́jú kan: kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Àwọn kan á tún sọ fún yín pé ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń wò ó. Ní ilé tiwa, ìyá ìjọ kan tí ó ti fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ ni Ọlọ́run lò. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá, kò pe ọmọ, kò fọwọ́ kàn án lórí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ìdérí ìgò pupa kan, ó gbé e sí ìparí ìlà náà, ó sì dákẹ́. Ọmọ wò ó, ó yí ìdérí náà díẹ̀ kí ó lè gún, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú yàrá kejì ni mo wà ní gbogbo ìgbà àkọ́kọ́, mi ò jáde kúrò nílé. Mo kọ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ sí ìwé kan: pé ọmọ kì í jẹ iyán tí ọbẹ̀ bá ti kàn, pé bí ó bá ń gbọn ọwọ́, kí wọ́n má dá a dúró, pé ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà ní títì nítorí ó máa ń sá jáde. Ẹ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ọkọ yín. Ọkọ mi náà gba apá kan òru, láti ìgbà tí a bá ti sùn títí di aago kan. Baba ọmọ ni, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́.

Ní ti òru, ohun kan náà ní àkókò kan náà ni ó ṣiṣẹ́ fún wa: ìwẹ̀, oúnjẹ, àdúrà kúkúrú, kí iná sì lọ sílẹ̀, láìsí fóònù. A gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá tí ó wà lẹ́yìn nínú ilé, nítorí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ikọ́ kí ó lè sùn, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ bá dókítà ọmọdé sọ̀rọ̀; ilé ìwòsàn ńlá ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Oǹdó níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń dun ọmọ tí kò lè sọ.

Ní ti ìṣọ́ òru tí ẹ ní wọ́n ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ariwo gbohùngbohùn á dá ọmọ lóró, ẹ̀yin náà ò sì ní sùn. Ìjọ wa mọ bí a ti ń gbé oúnjẹ lọ fún abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún 6 tí ó ṣì ń ṣe àìsùn bí abiyamọ tuntun ni a máa ń gbàgbé, ó sì ń dùn mí gan-an. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún pásítọ̀ yín pé kí wọ́n gbàdúrà fún yín láti ibẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹnì kan tí yóò máa wá ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Oorun lè má wá ní Sátidé àkọ́kọ́. Etí yín á máa wá ohùn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe fún ìgbà pípẹ́. Ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má sì dìde láti fọ abọ́. Ẹ ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ yín lónìí pé ẹ ti gbà, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ ń retí rẹ̀.