Ṣé àbúrò mi máa gbé ìtànṣán délé bá àwọn ọmọ rẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún àbúrò mi obìnrin, ọ̀nà èémí rẹ̀ wá ń fún. Wọ́n fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́, wọ́n fi stent (ọ̀pá oníhò kékeré tó ń mú kí ọ̀nà náà wà ní ṣíṣí) sí i, ó tún dí. Ìtànṣán ni wọ́n fẹ́ fi sí i nínú báyìí. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Àwọn ará ilé ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ jìnnà sí i fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkan sì ti fún un ní oògùn ewé tó ń la ọ̀nà èémí.

Ìdáhùn: Ìtànṣán tí wọ́n fẹ́ lò kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Ìtànṣán kan náà ni wọ́n ń lò fún àpá tó ń wú lára lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Bí wọ́n bá rán ọ̀nà èémí tuntun mọ́ ti aláìsàn, wọn kì í sábà so àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ ọ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í tó ibẹ̀, ojú ìrán náà á dápàá, ẹran á sì máa hù síbẹ̀, pàápàá létí stent. Ìtànṣán ló ń dá híhù yẹn dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ká mi lára, nítorí mo ti rí ìyá tí wọ́n lé kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lásán. Ẹ fetí sílẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà ti rọ́bà tínínrín kan dé ibi tó fún, wọ́n á yọ ẹ̀rọ, rọ́bà á dúró. Wọ́n á yẹ ibi tó wà wò, wọ́n á so ó mọ́ àpótí kan, gbogbo èèyàn á jáde. Iridium-192, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tó wà lẹ́nu wáyà, á rìn gba inú rọ́bà, á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á padà sínú àpótí rẹ̀. Wọ́n á yọ rọ́bà. Kò sí ohunkóhun tó kù lára rẹ̀. Ìtànṣán yìí kì í sọ ẹran ara di ohun tó ń tú ìtànṣán jáde. Àwọn tí wọ́n ń kìlọ̀ fún nípa ọmọdé ni àwọn tó gbé iodine tó ń tú ìtànṣán jáde mì nítorí àìsàn tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan ní ọrùn), tàbí àwọn tí wọ́n gbin hóró ìtànṣán sí lára títí láé. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Ọmọ tó ń wúkọ́ nìkan ni kó yẹra, nítorí oògùn tí àbúrò yín ń lò ti dín agbára ara rẹ̀ kù.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù wà. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe àkọ́lò. Ìgbà tí èyí tó kù bá ti kùnà ni, àwọn tí wọ́n sì ti lò ó fún lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò pọ̀. Ó lè mú kí ibẹ̀ wú, ó lè dá ihò sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nítòsí. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí hóró náà ni agbára ìtànṣán ń dín kù: ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí i, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ béèrè bí iṣan náà ṣe jìnnà tó, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa ṣe é, àti bóyá kò sí kòkòrò àìsàn níbẹ̀. N kò rí àwòrán rẹ̀, n kò lè pinnu fún wọn.

Oògùn ewé yẹn, ẹ dà á nù lónìí. Kò lè yọ ẹran tó hù, ó sì lè ba iṣẹ́ tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀fóró tuntun, jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tó bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.