Bí ilé-ìwé bá tì nígbà wàhálà, báwo ni ọmọ tó ń jẹun ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ṣe máa rí oúnjẹ jẹ?

Wọ́n lè di oúnjẹ kí òbí wá gbé e, wọ́n lè pín oúnjẹ tí a kò tíì sè fún ìdílé, tàbí kí wọ́n fún wọn lówó tàbí fáọ́ṣà (ìwé tí wọ́n lè fi ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù). Nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, àjọ WFP, ìyẹn àjọ oúnjẹ lágbàáyé ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé nǹkan bí 370 mílíọ̀nù ọmọ ni oúnjẹ ilé-ìwé bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ní England, fáọ́ṣà pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Amẹ́ríkà dá káàdì P-EBT sílẹ̀ fún ríra oúnjẹ, wọ́n sì yí òfin padà fúngbà díẹ̀ kí òbí lè gba oúnjẹ láì mú ọmọ dání. (Òfin tó wà tẹ́lẹ̀ ní kí ọmọ jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀!)

Lójú tèmi, owó ló dáa jù níbi tí ọjà bá ṣì ń ná. Bí ogun tàbí omíyalé bá ti ti ọjà pa, oúnjẹ gan-an ni kí wọ́n gbé dé àdúgbò, torí ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà kò ní lè wá gbà á.