Ẹ bi mí, ma dá yín lóhùn: Wákàtí kẹsàn-án kì í ṣe agogo mẹ́sàn-án

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkàrà ni mò ń dín létí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo kà á nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3:1 pé Pétérù àti Jòhánù gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì ní wákàtí àdúrà, wákàtí kẹsàn-án. Ni èmi náà bá ń gbàdúrà ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Àbúrò mi tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní mo ṣì í kà, pé agogo mẹ́ta ọ̀sán ni. Ó tún ní ìgbà méje lóòjọ́ ló yẹ ká máa gbàdúrà. Ta ló jàre? Méje náà ńkọ́, ibo ni mo ti fẹ́ ráyè? — Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, àbúrò yín ló jàre. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka wákàtí láyé ìgbà náà. Bí a bá ní ó yọ ní agogo mẹ́fà, wákàtí kẹta bọ́ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ìkẹfà sí méjìlá, ìkẹsàn-án sí mẹ́ta ọ̀sán. Àmọ́ àdúrà tiyín kò ṣòfò o. Wákàtí kẹta lẹ ti ń gbà á, wákàtí tí wọ́n ní àwọn àpọ́sítélì ti mutí yó lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì.

Ẹ má sì jẹ́ kí aago dẹ́rù bà yín. Mo ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lágbàlá mi ní Kétu lọ́jọ́ kan. Agogo méjìlá lù, òjìji ọ̀pá ṣì ń kúrú sí i. Ó kù díẹ̀ kí agogo kan lù kó tó dúró, ìgbà yẹn ni ọ̀sán gangan. Oòrùn Benin kì í bá aago rìn.

Ti ìgbà méje yẹn, inú Sáàmù 119:164 ló ti wá. Bẹ́nẹ́díktì mímọ́ fi í ṣòfin fáwọn mọ́ńkì rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹfà, ó tún fi ti òru kún un. Mo dán an wò rí nígbà Lẹ́ńtì kan. Aránṣọ ni mí. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, oorun ń kùn mí lórí máṣíìnì, mo rán apá òsì bùbá oníbàárà mọ́ ọ̀tún. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jáwọ́.

Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Vatican fúnra rẹ̀, ní 1963, yọ àdúrà wákàtí kìíní kúrò nínú méje náà. Ó ní òpó méjì ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, Laudes àti Vêpres táwọn mọnpẹ́ẹ̀ (àwọn àlùfáà) máa ń pè é. Nínú mẹ́ta ti ọ̀sán (wákàtí kẹta, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án), ẹni tí kì í bá àwọn ẹlòmíì kọ ọ́ pa pọ̀ lè mú ẹyọ kan.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín máa lu agogo fún yín. Láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé epo kaná, orin Sakaráyà (Lúùkù 1:68-79) ni kẹ́ ẹ kà. Ẹsẹ méjìlá péré ni. Kí epo tó gbóná débi tí ẹ̀wà lílọ̀ tẹ́ ẹ fi dán an wò á fi léfòó, ẹ ti parí rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá ń fọ agbada, orin Màríà (Lúùkù 1:46-55) ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n lórí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ti Síméónì (Lúùkù 2:29-32), ẹsẹ mẹ́rin, kódà bí ojú bá ti ń pa dé.

Ní ọ̀sán, kí ebi má jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ ò yẹ lẹ́ni tó ń gbàdúrà. Pétérù gun òkè ilé lọ gbàdúrà ní wákàtí kẹfà, ebi ń pa á, wọ́n ṣì ń se oúnjẹ nísàlẹ̀ ni (Ìṣe 10:9-10).

Agogo mẹ́ta tó dá ìjà yìí sílẹ̀ ni Jésù jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Bó bá bá yín nídìí ẹ̀wà ọ̀la tẹ́ ẹ̀ ń ṣà, "Baba wa" kan ti tó. Ẹ ní kí àbúrò yín wá bá yín ṣà á, kẹ́ ẹ jọ kà á.