Sípíkà Yín Kò Bàjẹ́, Báàsì Inú Àwo Náà Ni Wọ́n Fà Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ń ta jìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin ẹgbẹ́ thrash metal (orin jìtá líle tó ń sáré) kan láti Amẹ́ríkà, Metallica, ó sì ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Mo ra sípíkà tòkunbọ̀ méjì fún un. Àmọ́ àwo wọn kan tó jáde ní 1988, ...And Justice for All, ọmọ náà ní òun kò gbọ́ báàsì kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì ń dún dáadáa lórí sípíkà kan náà. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi ni, àbí kí n ra wúfà, sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, kún un?

ÌDÁHÙN: Bàbá ọlọ́jìtá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má dá sípíkà padà, ẹ má sì ra wúfà kankan. Etí ọmọ yín ló mọ́ kedere. Báàsì inú àwo yẹn ni wọ́n fà sílẹ̀ débi pé kò sí sípíkà tó lè yọ ọ́ síta. Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ohùn, mo tú wúfà kan palẹ̀ nítorí àwo yìí, mo já wáyà rẹ̀, mo tún un so lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi kàn wò mí, ó yọ àwo náà, ó fi òmíràn sí i, ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹ̀rọ lọ. Kó tó lè yé ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó mọ ìtàn ẹgbẹ́ náà láti orí àga ẹni tó ń ta báàsì.

Ní 1981, Lars Ulrich, onílù kan tí wọ́n bí ní Denmark, fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan ní Los Angeles pé òun ń wá olórin. James Hetfield, tó ń ta jìtá tó sì ń kọrin, wà lára àwọn tó dáhùn. Ron McGovney ló kọ́kọ́ ta báàsì fún wọn, ṣùgbọ́n ní 1982 wọ́n rí ọ̀dọ́kùnrin kan, Cliff Burton, tó ń ta báàsì bí ẹni ń ta jìtá tó ń dá orin. Wọ́n ní kó wá bá àwọn. Ó ní òun kò ní kúrò ní agbègbè San Francisco. Bí wọ́n bá fẹ́ òun, kí wọ́n wá. Odindi báǹdì sì kó ẹrù wọn tọ ọlọ́báàsì kan lọ. N kò mọ báǹdì púpọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ní 1983, nígbà tí wọ́n wà ní New York, wọ́n lé Dave Mustaine tó ń ta jìtá pẹ̀lú wọn, wọ́n fi bọ́ọ̀sì dá a padà sí California. Ibi tí Megadeth, báǹdì tí Mustaine dá sílẹ̀, ti ṣẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mú Kirk Hammett, ọlọ́jìtá kan, wá látinú báǹdì Exodus, wọ́n sì gbé àwo àkọ́kọ́ jáde lọ́dún yẹn. Òmíràn tẹ̀lé e ní 1984, ẹ̀kẹta ní 1986. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báàsì Burton wà níbi tí etí lè dì í mú.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1986 ni bọ́ọ̀sì wọn yí dànù ní Sweden lóru. Hammett ti sọ ọ́ pé òun àti Burton fa káàdì lálẹ́ ọjọ́ náà láti mọ ẹni tí yóò yan ibùsùn, Burton ló jẹ, ó sì yan ibi tí Hammett máa ń sùn. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó kú.

Kí oṣù kẹwàá tó parí, Jason Newsted ti wà lórí àga rẹ̀. Oṣù kọkànlá, wọ́n ti gba Japan lọ ṣeré. Òkú ọ̀fọ̀ ni Burton, wọn kò sì jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Newsted ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní ọmọ tuntun títí ó fi sú u. Inú ipò yẹn ló ti ta báàsì inú àwo 1988.

Flemming Rasmussen tó gba orin náà sílẹ̀ ní báàsì náà dára gan-an. Steve Thompson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó po ohùn rẹ̀ pọ̀, ti sọ ní gbangba pé Ulrich ló ní kí òun fà á sílẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kó má dún mọ́. Nígbà tí òun ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ní kí òun fà á sí i. Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀ ṣá o. Okùn tó nípọn jù lára báàsì ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti jìtá ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 82. Hetfield yọ àárín ohùn jìtá rẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, Newsted sì ń ta ohun kan náà gẹ́lẹ́ tí jìtá ń ta. Bí ìyáàlù àti kẹríkẹrì bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyáàlù ni aráyé máa gbọ́. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọ̀fọ̀ ló fa báàsì yẹn sílẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Ní 1991, Bob Rock, ẹni tó ń darí gbígba orin sílẹ̀, wá bá wọn ṣe àwo, ó dá àyè báàsì padà, àwo náà sì tà ju mílíọ̀nù 16 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn àwo tó tẹ̀ lé e kò kan ọ̀rọ̀ wa. Newsted fi wọ́n sílẹ̀ ní 2001, nítorí Hetfield kò fẹ́ kó ní báǹdì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bob Rock fúnra rẹ̀ ló ta báàsì inú àwo 2003, èyí tí ìlù rẹ̀ ń dún bí agolo. Robert Trujillo wọlé lọ́dún náà, mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n sì kó lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ó jọ pé wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ ní kó gbọ́ «For Whom the Bell Tolls» ti 1984: ohùn híhan tó ṣáájú yẹn, báàsì Burton ni, bó tilẹ̀ jọ jìtá. Kó wá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ «My Friend of Misery» ti 1991, báàsì Newsted nìkan ló ń dún níbẹ̀. Bí méjèèjì bá jáde geere, sípíkà yín pé. Ẹ má yí báàsì orí ẹ̀rọ sókè nítorí àwo 1988. Ìlù ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ jìtá ni yóò wú, wúfà yín yóò sì gbóná lásán. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní 2018 náà kò gbé báàsì sókè, ẹ má náwó lé e. Bó bá sì dé orí àwo 2008 tó gbọ́ tí ohùn ń fọ́, ẹ má bá sípíkà jà nígbà yẹn náà: wọ́n ti ariwo rẹ̀ sókè jù nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni.

Ní ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwo 1988 yẹn gan-an ni kó máa fi ta. Báàsì okùn mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó. Kó tẹ̀lé ọwọ́ ọ̀tún Hetfield, ohun tí jìtá bá ta ni kó ta nísàlẹ̀. Kò sí báàsì ẹlòmíràn tí yóò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ni yóò sì máa gbọ́ ketekete.